Láti Sabon Gari Dé Ojú Fíìmù: Ìrìn Àjò Hubert Ògúndé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òṣèré Yorùbá ṣe di ẹni tí à ń wò lójú fíìmù, Èkó àti Ìbàdàn ni yóò kọ́kọ́ kọrí sí. Kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Apá kan ìtàn náà wà lókè Ọya, lẹ́yìn odi ìlú Kánò, ní Sabon Gari tí ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó àti àwọn ará Gold Coast ti jọ ń gbé láti ayé Lúgà, gómìnà òyìnbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo kóbọ́ì Amẹ́ríkà lójú aṣọ funfun. Ìlú Kánò yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn sì ti fòfin de eré tí Hubert Ògúndé kó wá.

Ògúndé ni baba tíátà Yorùbá òde òní, èyí kò ní àríyànjiyàn. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé kámẹ́rà kọ́ ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1979, ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó sì ti fi ọdún márùndínlógójì kó òṣèré rìn láti ìlú dé ìlú. Títì ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń jẹun ní ìlú onílùú sì wà lára àwọn tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀.

Ìlú tí rélùwéè bí

Ní 1911 ni rélùwéè láti Èkó dé Kánò, ìrìn nǹkan bí 1,100 kìlómítà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò sílẹ̀: ará Abẹ́òkúta, ará Ìjẹ̀bú, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà. Yorùbá kì í ṣe ojú tuntun ní Kánò tẹ́lẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa ti ń gbé ní Ayagi, nínú odi ìlú, kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá rélùwéè wá yàtọ̀. Onígbàgbọ́ pọ̀ nínú wọn, wọ́n mọ̀wé, iṣẹ́ ìjọba tàbí ti kọ́ńpìnnì òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe. Àwọn òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n wọnú odi lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wà lábẹ́ Ẹ́míà. Wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn níta, wọ́n la títì ibẹ̀ ní tààrà, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí ilé wọn. Dòní olónìí, Yoruba Road àti Ibo Road ṣì ń ròyìn àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó.

Níbi tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ àlejò, fàájì kì í jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo. Kò sí ọdún egúngún tí gbogbo àdúgbò yóò jọ ṣe, kò sí ọjọ́ ọba tí ilù yóò pe gbogbo wọn jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń jó ló ń kó wọn jọ. Nígbà tó di 1937, Rex dé, ilé sinimá àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì kọ́ fún iṣẹ́ náà ní Kánò, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì. Gbangba ni àwọn òǹwòran jókòó sí, wọ́n sì lè ra ọtí mu. Lójú àwọn àgbà inú odi, sinimá, ọtí, ijó àti obìnrin tó ń dá rìn lóru, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ìwà àwọn ará Sabon Gari. Kò yà wọ́n lẹ́nu pé níta odi ni nǹkan náà ti rí ibùsọ̀.

Fíìmù Amẹ́ríkà wà lára ohun tó ń pe èrò, kóbọ́ì sì ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn: ọkùnrin kan lórí ẹṣin, ìbọn ní ìbàdí, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. John Wayne ni olórí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ọdún 1907 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Iowa, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Marion Robert Morrison. Ibi tó ti ń ru ẹrù fún ilé-iṣẹ́ fíìmù Fox ni wọ́n ti rí i. Ilé-iṣẹ́ náà ló fún un ní orúkọ tuntun, òun náà ló sì fi í ṣe olórí òṣèré nínú The Big Trail ní 1930. Fíìmù náà kò tà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni Wayne fi ń ṣe fíìmù pọ́ọ́kú kó tó di pé Stagecoach, tí John Ford darí ní 1939, gbé e dìde. Láti ìgbà náà lọ, kò nílò láti kúrò ní California kí àwọn ará ilẹ̀ jíjìn tó mọ ojú rẹ̀. Wọ́n ń di àwòrán rẹ̀ sínú agolo, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e kiri. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe òṣèré, ilé-iṣẹ́ ló sì ń tà á.

Àwa kò ní ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò di òṣèré fún wa ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ òǹwòran.

Tíṣà, ọlọ́pàá, òṣèré

Ní 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n baba ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí ìdí Ifá, òun fúnra rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé àwọn eléégún aláré nígbà èwe. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí kò kúrò lára rẹ̀. Ó ṣe tíṣà, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941.

Ọlọ́pàá ló ṣì jẹ́ nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ní kó ṣe eré fún àwọn láti fi kó owó ilé ìsìn jọ. Ní oṣù Kẹfà 1944, wọ́n gbé The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní Gbọ̀ngán Glover. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó ti ń ṣe eré olórin ṣáájú rẹ̀, àwọn aláàrìnjò sì ti ń jó kiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí Ògúndé ṣe ni pé ó so méjèèjì pọ̀: orin ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ijó àti ìṣesí tí ó mú àwọn òǹwòran dìde lórí ìjókòó. Ní 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá African Music Research Party sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Ìpinnu yìí le ju bí a ti ń rò ó lónìí lọ. Òṣèré nígbà náà kò ju alágbe lọ lójú ọ̀pọ̀ òbí, obìnrin tó bá sì ń ṣeré lójú èrò, wọn kò ní kà á sí ọmọlúàbí. Ògúndé gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin síṣẹ́ ní 1946, ó ń san owó fún wọn. Nígbà tí àwọn kan bá fẹ́ lọ nítorí ọkọ, ó fẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ òṣèré, àwọn ọmọ náà sì wọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí á pe ọ̀rọ̀ yìí bó ti rí: ìfẹ́ wà níbẹ̀, ọgbọ́n ìṣòwò náà sì wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ìdílé kì í tú ká nígbà tí owó bá wọ́n, ó sì ṣeé kó sínú ọkọ̀ kan lọ sí ibi tó jìnnà bíi Kánò.

Ọ̀nà òkè Ọya

Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní gbogbo Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ tí ogun àgbáyé mú wá. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ olórí wọn, wà níwájú. Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe Strike and Hunger. Ìtàn ọba àjèjì kan tó ń ni àwọn ènìyàn lára ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọba tó ń bá wí. Nígbà tó gbé eré náà dé Jos ní 1946, wọ́n mú un, wọ́n sì bu £125 lé e lórí. Owó ńlá ni nígbà náà.

Ìdí tí eré yìí fi ba ìjọba lẹ́rù lókè Ọya ju ti Èkó lọ kò ṣòro láti rí. Ní Èkó, ìwé ìròyìn ń bú ìjọba lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ òṣèlú kò ṣàjèjì sétí. Lókè Ọya, ìjọba ti fi gbogbo agbára gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má bàa dé etí àwọn ará ìlú. Sabon Gari ni ihò tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbé níbẹ̀, àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Azikiwe ń gbé níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé Strike and Hunger wá bá irú èrò bẹ́ẹ̀, ìtàn ara wọn ló ń sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enugu. Mọ́kànlélógún ló kú. Ògúndé tún mú gègé, ó sì gbé Bread and Bullet jáde ní 1950. Nígbà tó kó o dé Kánò, ìjọba fòfin dè é, wọ́n sì gbé Ògúndé lọ sílé-ẹjọ́ pé ó fẹ́ dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kò mú un. Bébà ìpolówó eré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri láìgba àṣẹ ni wọ́n rí fi jẹ ẹ́ níyà.

Ó yẹ kí á dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan kó òṣèré Yorùbá lọ sí ìlú Haúsá láti lọ fi ikú àwọn awakùsà Enugu ṣeré níwájú èrò tí Ìgbò àti Yorùbá dà pọ̀ mọ́ra nínú rẹ̀. Àwọn òṣèlú ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan nínú ìpàdé nígbà náà. Ní ti ìtàgé, ó ti ń ṣẹlẹ̀. Èrò Sabon Gari kò fún òṣèré láyè láti jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ìrìn àjò tún kọ́ Ògúndé ní nǹkan mìíràn. Ní Gold Coast, ní 1948, ìrìn àjò rẹ̀ kò yọrí sí rere, torí àwọn òǹwòran kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ọgbọ́n: ijó pọ̀ sí i, ẹ̀fẹ̀ pọ̀ sí i, sakisofóònù àti ìlù òyìnbó wọ inú eré, ìrísí òṣèré sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Ó ti lọ wo ijó àwọn òyìnbó ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1947. Àwọn kan bínú pé ó ń ba eré jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣeré ní Jos lónìí, ní Kánò lọ́la, ní Enugu lọ́jọ́ kẹta, kò lè gbára lé òwe Ìjẹ̀bú nìkan. Bí ó ṣe ń fi ojú àti ara sọ̀rọ̀ yìí ni kámẹ́rà wá bá lára rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Ọdún tó le koko

Kánò kò rọgbọ fún apéjọ ní àwọn ọdún náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1951, iná jó ilé sinimá El Dunia nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́sàn-án gangan. Ènìyàn 331 ló kú, ọmọdékùnrin Haúsá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ìlú, àwọn kan ní ìbáwí Ọlọ́run ni, nítorí sinimá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1953, ẹgbẹ́ Action Group fẹ́ ṣèpàdé ní Colonial Hotel, ní Sabon Gari. Ìpàdé náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba ní ènìyàn mẹ́rìndínlógójì ló kú, ó sì lé ní igba tó fara pa. Gbọ̀ngán ijó àti eré ti di ojú ogun òṣèlú.

Nílé náà, òṣèlú kò jẹ́ kí Ògúndé sinmi. Ní 1964, ó gbé Yorùbá Ronú jáde, nípa ọba tí igbákejì rẹ̀ dà, tí wọ́n sì fi àwọn ènìyàn rẹ̀ tọrẹ. Ìjọba Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, rí ara rẹ̀ nínú eré náà, ó sì fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ Ògúndé ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìjọba ológun tó gbé òfin náà kúrò ní oṣù Kejì 1966. Òfin yẹn ì bá pa ẹgbẹ́ tí kò mọ ibòmíràn ju ilé lọ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò kọjá ààlà Ìwọ̀-Oòrùn. Èkó wà níta rẹ̀, òkè Ọya náà wà níta rẹ̀, Ògúndé sì ti mọ ọ̀nà tipẹ́. Ó tún kọ Òtítọ́ Korò láti fi dá wọn lóhùn.

Ní 1966 kan náà ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ Ìgbò lókè Ọya, tí àwọn tó kù sì sá kúrò ní Sabon Gari. Àdúgbò tó ti kún tẹ́lẹ̀ ṣófo lápá kan, àwọn Yorùbá ló wá pọ̀ níbẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Lẹ́yìn ogun, àwọn Ìgbò padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì pa Murtala Muhammed, ọmọ Kánò, ní oṣù Kejì 1976, Ògúndé fi eré dárò rẹ̀, ó sì sọ eré náà lórúkọ rẹ̀. Ìlú tó ti bá a ṣẹjọ́ ló bí ẹni tó ń kọrin arò fún yìí.

Ọkùnrin tí kò lo ìbọn

Ní 1976, Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún pẹ̀lú Adé Love àti Dúró Ládiípọ̀. Ó fi han gbogbo onítíátà pé èrò yóò san owó láti wo Yorùbá lójú fíìmù. Ògúndé ké sí Balógun, wọ́n sì sọ Ayé, eré tó ti ń ṣe lórí ìtàgé, di fíìmù ní 1979. Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin Ń Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988.

Nínú Ayé, Ògúndé ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́ tó ń da ìlú rú. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ pé ìtàn oògùn lásán ni. Mo rò pé wọn kò wo ẹni tó jókòó níwájú aṣọ funfun náà. Òǹwòran tó ti fi ọdún púpọ̀ wo kóbọ́ì mọ irú ìtàn yìí dáadáa: ibi wọ ìlú, agbára òfin kò ká a, ọkùnrin kan ṣoṣo dìde, ẹni tó mọ ọ̀nà àwọn ọ̀tá ju àwọn aráàlú yòókù lọ. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ ti Amẹ́ríkà. Ọfọ̀ àti àyájọ́ ló wà lẹ́nu ti Ògúndé. Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́túrá bá la ẹnu, ohùn yẹn kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ fíìmù; ohùn tó ti borí ariwo ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán ni. John Wayne kú ní oṣù Kẹfà 1979, ọdún tí Ayé jáde. Ẹni kan ń kúrò lójú aṣọ funfun, ẹlòmíràn ń gbà á.

Bí wọ́n ṣe ta fíìmù náà ló tún fi ìyàtọ̀ wọn hàn jù. Àwọn àjèjì ló ni ọ̀pọ̀ ilé sinimá, fíìmù Íńdíà àti ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rà lówó pọ́ọ́kú sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Nítorí náà, àwọn onífíìmù Yorùbá ṣe ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n gbé fíìmù sínú ọkọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde sí i, wọ́n háyà gbọ̀ngán ìlú, wọ́n lẹ bébà ìpolówó, wọ́n sì fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ kiri àdúgbò. Ẹni wọn ló ń jókòó ti àpótí owó lẹ́nu ọ̀nà. Fíìmù wá di aláàrìnjò. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rí ìyà: ìtàn bí àwọn kan ṣe jí Ọ̀run Mooru, fíìmù Bàbá Sàlá aláwàdà, dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí gbèsè sì dá ọkùnrin náà dúbúlẹ̀, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn onítíátà.

Ìparí iṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn

Òkè Ọya ni Ògúndé ti ṣe fíìmù rẹ̀ ìkẹyìn. Bruce Beresford, olùdarí ọmọ Ọsirélíà, wá ya Mister Johnson ní Tóró, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, láti inú ìwé tí Joyce Cary kọ ní 1939 nípa akọ̀wé ọmọ gúúsù kan tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ lókè Ọya. Maynard Eziashi ni akọ̀wé náà, Pierce Brosnan ni ọ̀gá rẹ̀, Ògúndé sì ni Brimah, bàbá ìyàwó. Irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ló kún Sabon Gari nígbà tí Ògúndé kọ́kọ́ gbé eré débẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1990, Ògúndé kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọdún yẹn gan-an ni Turmin Danya, tí ọ̀pọ̀ kà sí fíìmù fídíò Haúsá àkọ́kọ́, jáde ní Kánò. Náírà ti já, kò sí ẹni tó lè ra fíìmù ńlá mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba ipò. Kenneth Nnebue, tó ti náwó lé fíìmù Yorùbá lórí ṣáájú, gbé Living in Bondage jáde ní 1992, Sabon Gari sì di ọjà kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 1999, wọ́n ti ń pe ti Kánò ní Kannywood. Òfin Ṣàríà dé lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò dé ní 2001, ilé sinimá àtijọ́ sì ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìjọba amúnisìn ṣe ń bẹ̀rù òṣèré ni àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìdí nìkan ló yí padà.

Lónìí, fíìmù Yorùbá ń gba orí YouTube lọ sí Kánò, Kútọnu, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, owó àwọn tó ń wò ó lókèèrè sì ń gbé ọ̀pọ̀ onífíìmù ró. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn ni èrò tó wà ní ìlú onílùú ti ń sọ irú eré tí a ó ṣe nílé, tí wọ́n ń fi owó ìwọlé dìbò fún ijó, fún ẹ̀fẹ̀, fún ìbínú sí ìjọba. Ẹni tí yóò kọ ìtàn fíìmù wa lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kó ka Sabon Gari mọ́ àwọn tó bí i, kó má kà á mọ́ àwọn tó kàn wò ó.